Àpá tí mò ń sá fún, ọwọ́ mi ni mo fi ń dá a

Ìgbéyàwó àbúrò mi ku ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí mo fọwọ́ ara mi jó ojú mi. Aṣọ ẹbí ti dé láti ọ̀dọ̀ télọ̀, gèlè wà nínú ọ̀rá ẹ̀, bàtà àti báàgì ti bá ara wọn mu. Ojú mi nìkan ni kò tíì ṣe tán. Irorẹ́ tó yọ sí mi lójú lóṣù Kẹsàn-án ti lọ, ṣùgbọ́n ó fi àpá dúdú sílẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Mo kà wọ́n níwájú dígí, méje ni. Mo sì fẹ́ kí méjèèje lọ kí Sátidé tó dé.

Obìnrin tó ta ìgò náà fún mi lọ́jà kò purọ́ fún mi, n ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, glycolic ni. Ẹ fi òwú nù ún sójú, ẹ kà dé ọgbọ̀n, ẹ fomi ṣàn án." Ásíìdì tí wọ́n fi ń bó òkú awọ ojú ni glycolic. Inú kẹ́ẹ̀gì ló ti bù ú sínú ìgò kékeré fún mi, ó wá lẹ bébà pélébé kan mọ́ ọn, tó fi báírò kọ "30%" sí. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ lára ẹ̀, kò sí déètì, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Mo délé, mo fi òwú nù ún sójú, mo kà dé ọgbọ̀n. Kò ta mí. Mo wá rò ó pé ohun tí kò bá ta èèyàn kò tíì ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà kúkú nìyẹn, láti orí àgbo tó korò dé orí iodine tí wọ́n ń dà sójú egbò. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo mú fóònù. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, nígbà tó sì máa ta, bí ẹni fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ata rodo pa ojú ni. Mo sá wọ balùwẹ̀. Omi ò sí nínú ẹ̀rọ. Ìwọ̀nba tó kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mò ń bù sójú, mò ń bù ú, mò ń sunkún, mo sì ń rọra sun ún kí màmá mi tó wà ní pálọ̀ má baà gbọ́.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ojú náà ti le, ó ń dán, ó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, á máa fà. Láàárọ̀ Sátidé, onímákẹ́ọ̀pù fi fóòmù kékeré ẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Nígbà tó gbé e kúrò, awọ tẹ̀ lé e, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ó wo fóòmù, ó wò mí, ó wá wo màmá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, kí lẹ fi sójú?"

Màmá mi ló dáhùn: "Ẹ bá mi bi í o."

Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni mo wà, mo fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ kan ojú.

N ò mọ̀ pé ìyẹn ò tíì burú. Nígbà tí awọ òkè bó tán, abẹ́ ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó mọ́, àwọn kan tiẹ̀ sọ fún mi pé ara mi ń dán. Mo ní ẹ ṣé. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, láti ìdí etí títí dé igun ẹnu. Àpá méje tí mo kà lọ́jọ́sí ò ṣeé kà mọ́. Wọ́n ti di ẹyọ kan ṣoṣo.

Bí awọ tiwa ṣe rí nìyẹn. Melanin tó fún wa ní àwọ̀, iṣẹ́ ààbò ló ń ṣe. Tí awọ bá ti farapa, ìbáà jẹ́ irorẹ́, ìbáà jẹ́ iná, ìbáà jẹ́ èékánná tí a fi họ ọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀ á tú u jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Egbò á jinná, dúdú á kù. Ojú òyìnbó tí ásíìdì bá jó á pọ́n, lọ́pọ̀ ìgbà á sì padà sí bó ṣe wà. Tiwa lè lo oṣù mẹ́fà, ó lè lé ní ọdún kan. Gbogbo fídíò tí mo sì ti wò kí n tó lọ ra ìgò yẹn, ojú òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣàlàyé. Kò sí ẹnì kankan tó sọ fún mi pé ohun tí mo fẹ́ fi pa àpá, tí mo bá ṣì í lò, òun náà ló ń bí àpá.

Dókítà awọ tí wọ́n ní kí n lọ rí kò wo ojú mi pẹ́. Ó ní kí n lọ kó gbogbo ohun tí mò ń fi sójú wá, kí n má fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo rọ́ wọn sínú ọ̀rá dúdú, mo gbé e lọ lọ́sẹ̀ kejì, ojú sì ń tì mí bó ṣe ń tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan: ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ pò, kànìnkànìn, ṣúgà tí mo fi àdín àgbọn pò láti máa fi họ ojú, toner, serum fítámì C, retinol (èròjà fítámì A) tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti London, ìgò glycolic yẹn, àti ìpara kan nínú ike funfun tí kò ní ìkọ kankan lára. Mẹ́jọ. Ó yọ ike funfun sọ́tọ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Mo ní ìpara awọ ẹlẹgẹ́ ni, wọ́n bá mi pò ó ni, torí pé ojú mi kì í gba nǹkan.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún méjì, mà."

"Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

Ojú mi máa ń yún, á gbóná, á yọ wẹ́wẹ́. Tí mo bá ti fi ìpara náà padà, wẹ́lo ló ń rọlẹ̀. Ìdí tí mo tiẹ̀ fi gbà pé ìpara gidi ni nìyẹn. Dókítà mirí. Ó ní bí steroid, oògùn tó ń pa yíyún àti wíwú ara, ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń po ìpara ló ń ju clobetasol, steroid tó lágbára gan-an, sí i kí ara lè mọ́ kíákíá. Ó máa ń jẹ awọ fẹ́lẹ́. Tó bá sì pẹ́ lójú èèyàn, awọ náà ò ní lè ṣe láìsí i mọ́. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù sílẹ̀ lóòjọ́ fúnra ẹ̀: èyí tí kò lágbára tó o ló fún mi, a wá ń dín in kù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí ó fi tán.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ásíìdì lọ. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ọṣẹ ìfọṣọ ti ń bó mi lọ́wọ́, ni mo ti ń sọ fáyé pé awọ ẹlẹgẹ́ ni wọ́n bí mi mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ẹlẹgẹ́ yẹn, owó ni mo fi rà á, nínú ike funfun.

Ó ní kí n wo awọ òkè bí ògiri. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá tó wà láàárín wọn ni sìmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ ásíìdì ni pé kó tú ohun tó so búlọ́ọ̀kù ìta pọ̀, kí òkú awọ lè já bọ́ ní àsìkò, nítorí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni awọ fi ń pààrọ̀ ara ẹ̀, bí a sì ṣe ń dàgbà ló ń falẹ̀ sí i. Tí ògiri bá dúró dáadáa, kò séwu. Tèmi ti là láti òkè délẹ̀. Ògiri tí kò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, èmi wá ń fi ásíìdì, retinol àti kànìnkànìn la ẹnu ògiri sí i lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Oṣù méjì gbáko ni mi ò fi ohun tó ju mẹ́ta lọ sójú: ìfọjú tí kò ní òórùn, Vaseline tín-ín-rín lórí ojú tó ṣì lómi, àti sunscreen, ìpara tó ń dí oòrùn, láàárọ̀. Ó le fún mi ju bí mo ṣe lérò lọ. Ọwọ́ mi ń yún mi láti fi nǹkan kan kún un. Inú màmá mi ni kò ṣeé kó mọ́ra. "Ṣé o rí i? Vaseline yẹn náà ni mo fi ń pa ọ́ lára nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́." Ó fẹ́ kí n fi òrí kún un, mo kọ̀. Òrí dára fún ẹsẹ̀ àti ìgúnpá mi, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún ojú mi tó ń yọ irorẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà sọ pé mo lè padà sórí ásíìdì. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Ó ní awọ fúnra ẹ̀ kan díẹ̀, pH ẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó, kì í jìnnà sí 5, ọṣẹ dúdú tí mò ń bọlá fún ló wà ní nǹkan bí 9 tàbí 10. Ó wá ní gbogbo ásíìdì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Glycolic, tó wà nínú ìrèké, ni ẹyọ ẹ̀ kéré jù nínú wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń yára wọlé tó sì ń jìn. Ẹni tí ojú ẹ̀ le lè máa bá a ṣe. Lactic acid tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó sì ń fa omi mọ́ awọ. Tẹ́ ẹ bá ti tọ́ omidùn wò rí, ẹ ti bá a pàdé, torí òun ló ń mú omi ògì kan. (Ẹ má tìtorí ẹ̀ da omidùn sójú o. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe kan tó tàbí ohun mìíràn tó wà níbẹ̀.) Mandelic, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára álímọ́ńdì kíkorò, tún tóbi jù ú lọ, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Gluconolactone ló tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí ojú ẹ̀ kì í gba nǹkan rárá. Salicylic yàtọ̀ sí gbogbo wọn: inú ọ̀rá ló ń yọ́ sí, nítorí náà ó ń wọnú ihò awọ tí irorẹ́ ti ń wá. Ìwọ̀n èyí tí wọ́n ń tà fún irorẹ́ láìsí ìwé dókítà ní Amẹ́ríkà kì í ju 2% lọ. Mọ̀lẹ́bí aspirin ni, ẹni tí aspirin bá ń bá jà kó jìnnà sí i.

Nọ́ńbà tó wà lára ìgò, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. pH ni ìdajì tó kù. Bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni nǹkan ń kan sí i, ó sì ń ṣini lọ́nà: láti 4 sí 3 dà bí ẹ̀ẹ̀kan péré, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ èròjà ìṣaralóge wò sọ nínú ìròyìn tó jáde ní 1998 pé glycolic, lactic àti irú wọn tí èèyàn ń lò nílé kò gbọ́dọ̀ ju 10% lọ, pH ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 3.5. Títí dé 30%, ọwọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ni wọ́n fi í sí, pH ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 3, ìgbà díẹ̀ ló sì máa fi sójú kó tó ṣàn án kúrò pátápátá. Èmi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo fóònù.

Kí n tó fi ìyẹn sílẹ̀: ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù ásíìdì inú ìgò ló ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú, wọ́n ní ti ìbílẹ̀ ni. pH omi ẹ̀ ń lọ sí bíi 2. Ohun kan tún wà nínú ẹ̀, pàápàá nínú èèpo, tí kò bá oòrùn rẹ́: tó bá kan ara tí oòrùn sì pa á, ara lè ta roro bí ẹni tómi gbígbóná dà sí lára, kó sì fi ìlà dúdú sílẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fún ọsàn sí zobo nínú oòrùn. Ó dúdú láti àárín ìka méjì, ó ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí omi ọsàn náà ṣe ṣàn.

Lactic acid 5% ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nínú ìgò tí wọ́n dì láti ilé iṣẹ́, tí gbogbo èròjà ẹ̀ wà lára ẹ̀. Ẹ̀yìn etí ni mo kọ́kọ́ fi sí, alẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra. Kò sí nǹkan. Mo bọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n fún ọ̀sẹ̀ kan. Màmá mi ní ṣé ojú ni mò ń tọ́jú ni àbí mò ń kọ́lé. Nígbà tó wá kan ojú gan-an, mo ní láti mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ náà sì ṣòroó mú: Sátidé ni ti òde, Àìkú ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ajé olùkọ́ ní láti dúró nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé títí wọ́n á fi kọrin orílẹ̀-èdè tán. Alẹ́ Ìṣẹ́gun ni mo mú. Ìṣẹ́gun mẹ́rin ni mo fi ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí n tó ronú àtifi alẹ́ kejì kún un, títí dòní n ò sì kọjá ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo máa ń fọ ojú, màá jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí ojú tó lómi ń yára mu ásíìdì. Màá fi Vaseline sí igun imú, igun ẹnu àti abẹ́ ojú, ibi tí omi ìgò máa ń ṣàn pamọ́ sí tí á sì jó èèyàn lójú oorun. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìpara mi (kì í ṣe ti ike funfun yẹn o) ni mo ń kọ́kọ́ fi sójú kí n tó fi ásíìdì lé e, kó má baà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpara yẹn náà ni mo fi ń bi ojú léèrè. Tí ìpara tó ti ń bá mi gbé láìsí wàhálà bá ta mí lálẹ́ ọjọ́ kan, á jẹ́ pé ògiri ti là níbì kan, ìgò ásíìdì ò ní ṣí lọ́sẹ̀ náà. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́, èyí ló ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà jù.

Títa àti jíjó kì í ṣe nǹkan kan náà. Títa wẹ́ẹ́wẹ́ tó ń lọ kí n tó ka ọgọ́ta, mo lè fara dà á. Èyí tó ń gbóná, tó ń le sí i, omi ni mo ń ké sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi púpọ̀, láìka nǹkankan. N kì í ṣí ìgò ásíìdì mọ́ láìjẹ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kún.

Síbẹ̀ mo tún fọwọ́ jóná lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo lo ásíìdì lálẹ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ fi relaxer sórí lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Relaxer tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́wàá wá jó mi ní iwájú orí, ibi tí ìka mi ti gbé ásíìdì dé. Onídìrí ní àbí mo ti họ orí ni. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ fi relaxer, tàbí tí mo fẹ́ gé irun ojú, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún ni mo ń fi sáàárín. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń sán fúnra ẹ̀, mo ń pa ìgò náà tì.

Sunscreen ni apá tó sú mi jù. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sára irú àwọn ìgò yìí pé ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún oòrùn, kó sì máa ṣọ́ra fún ọ̀sẹ̀ kan sí i lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà sọ mí di ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wò mí títí. Dókítà ló sọ fún mi pé kí n wá èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ nínú, iron oxide ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn, ó sì ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí, èyí tó ń mú àpá dúdú sí i lára àwa aláwọ̀ dúdú, tí sunscreen funfun lásán kì í sábàá dí tó. SPF (òǹkà bó ṣe ń dí oòrùn tó) 30 ni, ìlà ìka méjì ni mo ń fi sójú àti ọrùn. Ó wọ́n. Mo ti yọ fítámì C àti toner kúrò kí n lè máa rí owó ẹ̀ san.

Ojú mi gba oṣù mẹ́jọ kó tó jọ ojú mi. Dúdú ńlá yẹn kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́, mo wá rí àpá méje mi padà bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́ta ló kù, màmá mi ní òun ò rí ju ẹyọ kan lọ.

Àbúrò mi, ìyàwó ọjọ́sí, wọlé tọ̀ mí wá lánàá. Irorẹ́ kan ti yọ sí i ní iwájú orí, ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ku ọjọ́ márùn-ún. Ó ti rí ìgò mi lórí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bù díẹ̀ fún mi níbẹ̀."

Mo gbé Vaseline fún un. Ó pòṣé.